Bí A Ṣe Gbé Ìṣẹ́ Lọ sí Ore

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi kúrò ní Àràròmí-Obu, nítorí ọ̀nà wa kì í ṣàánú ẹni tó bá jí pẹ́. Ọ̀kadà ló gbé wa. Tíṣà Yorùbá wa gun èyí tó ṣáájú, èmi wà lórí èyí tó kẹ́yìn, mo gbé aṣọ funfun gígùn kan tí mo ká bí ẹní lé itan. Èmi ni mo fi ọ̀dà kọ̀wé sára rẹ̀, kí a lè gbé e kọ́ níbi tí à ń lọ. Àwọn ilé-ìwé Odigbo fẹ́ pàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Ore, kí àwọn òṣìṣẹ́ lóríṣiríṣi wá sọ ohun tí a lè dà lọ́la fún wa.

Bàbá mi ti mọ ohun tí èmi máa dà. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ni. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ Aládùúrà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì ti gbàdúrà lé lórí, ó parí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́ṣẹ́ àwòrán. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Bí o bá rí ẹni tí àwòrán ń bọ́ ní Ore, kó pè mí." Ohùn wọn fi hàn pé wọn kò retí ìpè kankan.

Nígbà tí a dé títì, a wọ bọ́ọ̀sì. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ tajà fún ọ á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyá rẹ. Ní Ore, "Benin ku ẹnì kan!" ni wọ́n fi ń kíni. Mo ra bọ̀ọ̀lì kan ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Púpurú ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi ń rò nílé wá ń wù mí.

Ní gáréèjì ni a ti tú aṣọ náà wò, bóyá ọ̀dà ti lẹ̀ mọ́ra. Awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Àlàájì kà á sókè: "ÌṢẸ́ WA LỌ́LA." Ó tún un kà. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló gbé yín ṣépè?"

IṢẸ́ ni mo fẹ́ kọ. Ṣùgbọ́n pátákó Ore kì í sábà ní àmì ohùn, mo sì fẹ́ kí tèmi yàtọ̀, mo bá ń fi àmì sí ibikíbi tí àyè bá wà. Àmì kan ṣoṣo ló sọ iṣẹ́ wa di òṣì. Tíṣà wa tó kọ́ wa ní àmì ohùn ti yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Wọ́n ní ọ̀dà náà tàn dáadáa.

Obìnrin oníbúrẹ́dì kan ta ìka yí orí ká: "A kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù!" Àlàájì ṣe àmín, nítorí ìṣẹ́ kò mọ ẹ̀sìn.

Tíṣà ní ká ká aṣọ náà, kò ní ṣeé gbé kọ́. Ni mo bá bú sẹ́kún. Bí wọn kò bá gbé e kọ́, ta ló máa rí ọwọ́ mi, ta ló máa pe bàbá mi? Mo mú ọ̀dà tó kù jáde, mo sọ àmì náà di èso kòkó. Èso kan ṣoṣo jọ eéwo lórí lẹ́tà náà, mo bá so méjì sí i, mo fi ewé sí i.

A gbé e kọ́ nínú gbọ̀ngàn. Lọ́yà ní ká kàwé. Nọ́ọ̀sì ní ká kàwé. Ẹni tó wá láti báǹkì ní ká kàwé, ká sì fi owó pamọ́. Lẹ́yìn wọn ni Àǹtí Rísì, tó ń ya pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, dìde, tó nàka sí aṣọ wa.

"Ta ló so kòkó mọ́ orí iṣẹ́?"

Mo nawọ́. "Èmi ni, mà. Àṣìṣe àmì ohùn ló wà lábẹ́ rẹ̀."

Àǹtí Rísì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Fífi àwòrán bo àṣìṣe ni à ń jẹ. Mú nọ́ńbà bàbá ẹ wá."

Ìrọ̀lẹ́ ni a padà délé. "Ọma mi, káàbọ̀," ni ìyá mi wí, wọ́n gbé púpurú síwájú mi. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fóònù wà lórí ẹsẹ̀ wọn.

"Obìnrin kan pè. Ó ròyìn àmì tí o fi sórí iṣẹ́ fún mi, ó ní kí o wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun nígbà ìsinmi. Mo bi í bóyá ó ń rí oúnjẹ jẹ nídìí iṣẹ́ náà. Ó ní òun ń jẹun lọ́wọ́."

Wọ́n ti fóònù sápò.

"Pátákó ìjọ wa ti ṣá," ni wọ́n wí. "Tún un kọ kí o tó lọ bá a. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má fi àmì kankan sí i."