Àlọ́ Ìgbín Lójú Oòrùn

Gbogbo ọmọ ilé-ìwé náà ló mọ̀ pé Aunty Mìsítúrà kì í pa àlọ́ nígbà ooru. Ìgbà òtútù nìkan.

Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, tí ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù bá ti ń ṣú kí àwọn òbí tó ti ibi iṣẹ́ dé, obìnrin yìí, tó ń se oúnjẹ ọ̀sán fún wọn, á bọ́ épíróònù rẹ̀, á fa àga kékeré kan sún mọ́ fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ tí a kò tíì wá mú máa ń dúró sí. Á wo ìta. Á wò ó dáadáa. Bí iná òpópónà bá ti tàn, á ní, "Ààlọ́ o." Àwọn ọmọ á dáhùn, "Ààlọ̀." Ọmọ Gánà, ọmọ Jàmáíkà, ọmọ Vietnam, gbogbo wọn.

Bó bá di oṣù kẹrin, ó tán. Àlọ́ wọlé sùn. Àwọn ọmọ á bẹ̀ ẹ́ títí, wọn á ní ṣé ó ń bínú sí àwọn ni. Á pín bisikíìtì.

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Ìṣẹ́yìn, èèwọ̀ ni. Ẹni tó bá pa àlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ni yóò kú. Wọn kò ṣàlàyé. Wọn kò ṣàlàyé ìdí tí a kì í fi jókòó lórí odó náà, síbẹ̀ kò jókòó lé e rí. Mìsítúrà ń kírun, ó ń gbààwẹ̀, ó mọ̀ pé Ọlọ́run nìkan ló ni ọjọ́ ikú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Ṣùgbọ́n ìyá kan ṣoṣo lèèyàn ní.

Ìyá náà wà láyé. Àsúmáù lorúkọ wọn, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ Mìsítúrà ní Peckham ni wọ́n sì ń gbé láti ìgbà tí bàbá ti kú. Ẹnu wọn mú. Ojú wọn ríran. Ẹsẹ̀ nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́.

Kì í ṣe ilé-ìwé ni Mìsítúrà ti bẹ̀rẹ̀ àlọ́ ní ìlú yìí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní North Peckham, kí wọ́n tó wó àwọn ilé onípele wọ̀nyẹn, Yusrah ọmọ rẹ̀ máa ń ké lórí àtẹ̀gùn bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ̀rù òkùnkùn. Mìsítúrà jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn náà, ó pa àlọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà ti jókòó síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ń retí òkùnkùn. Láti ìgbà yẹn, òkùnkùn àti àlọ́ di tọkọtaya.

Lẹ́yìn náà ni Kóyọ̀dé dé. Olùkọ́ orin ni, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, òun ló sì ń darí ẹgbẹ́ ọkẹ́sírà àdúgbò, àwọn tó ń fi ọjọ́ ìsinmi wọn fun fèrè tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá fa okùn ohun èlò olóhùn gooro tí à ń pè ní fayolíìnì. Ní ìrọ̀lẹ́ oṣù Kejìlá kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ àlọ́ Ìgbín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní òun yóò kọ orin sí i. Ẹranko kọ̀ọ̀kan yóò ní ohun èlò tirẹ̀. Aunty yóò máa sọ, ọkẹ́sírà yóò máa dáhùn, àwọn ọmọ yóò sì ti ibẹ̀ mọ orúkọ àti ohùn gbogbo wọn.

Mìsítúrà ní ó dáa. Kò bèèrè ọjọ́. Ibẹ̀ ló ti ṣe àṣìṣe. Nínú oṣù Kejìlá, ta ló ń rántí pé oòrùn wà?

Nígbà tí ọjọ́ náà dé etí rẹ̀, Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ni. Agogo mọ́kànlá òwúrọ̀. Oṣù tí oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kì í fẹ́ lọ sùn.

Ó ní òun yóò sọ fún Kóyọ̀dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ó tún sún un síwájú. Nígbà ìgbáradì, kì í pa àlọ́ náà tán. Ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti ń wọlé nìkan ló máa ń sọ, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò láìjẹun. Ó sì ń gbádùn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Nínú àlọ́ rẹ̀, Ìgbín kò ní ohùn, ó wá ń yá ohùn kiri inú igbó. Erin ni tùbá, ipè ràgàjì tí ẹni tó ń fun ún dà bí ẹni tó gbé ìkòkò lé itan. Ọ̀pọ̀lọ́ ni bàsúùnù, fèrè onígi tó gùn bí ọmọ odó, tí ohùn rẹ̀ ń ráhùn bí bàbá tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹ̀ga ni fèrè tín-ín-rín. Yànmùyánmú ni fayolíìnì. Ohùn Erin fẹ́ fọ́ ìkarahun Ìgbín. Ohùn ẹ̀ga kò jẹ́ kó sùn. Ti yànmùyánmú ni kò dáa rárá: gbogbo ibi tó bá dé, wọ́n ń gbá a létí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn, ìyá Mìsítúrà nawọ́ sí ata gígún lókè kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì ṣubú. Egungun ìbàdí kán. Ilé ìwòsàn ní Lewisham. Wọ́n ní àárọ̀ Sátidé ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ.

Mìsítúrà ní òun kò ní lọ síbi kankan ní Sátidé. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló ní í ṣe. Ó ní iṣẹ́ kan ni nílé-ìwé. Kò dárúkọ àlọ́.

"Lọ síbi iṣẹ́ rẹ," ìyá wí. "Àbí ìwọ lo fẹ́ bá wọn di ọ̀bẹ mú ni?"

Yusrah ní òun yóò jókòó ti Grandma. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Sátidé. Kò sí ìkùukùu kan lójú ọ̀run. Gbọ̀ngàn náà ní fèrèsé lọ́tùn-ún lósì, oòrùn sì ń gba gbogbo wọn wọlé bí ẹni tó sanwó. Àwọn ọmọ ti jókòó sílẹ̀, wọ́n ń juwọ́ sí i. Mìsítúrà rí Kóyọ̀dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ó sọ fún un pé òun kò ní lè ṣe é.

Kóyọ̀dé kò bínú. Ó ní bó bá jẹ́ nerves ni, ìjáyà orí pèpéle, gbogbo èèyàn ló ní in. Ó ní bí kò bá ṣeé ṣe rárá, òun yóò kà á fúnra òun. Ó gbìyànjú rẹ̀. Ó ní, "Ààlọ́ o," bí ẹni tó ń ka orúkọ ibùdókọ̀. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Mìsítúrà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn ọmọ tó ti ń bẹ̀ ẹ́ láti oṣù kẹrin. Ó wo fèrèsé.

Ó bèèrè bóyá wọ́n lè mú kí gbọ̀ngàn náà ṣókùnkùn.

Ojú Kóyọ̀dé tàn. "Like, ilẹ̀ ti ṣú nínú igbó? Aunty, that's sick, ó ga o." Ó ní àwọn olórin ní iná kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìwé orin wọn nígbà Kérésì. Ó ránṣẹ́ pe Làtíìfù, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń mójú tó gbọ̀ngàn náà, ó ṣàlàyé fún un pé Aunty ní èrò kan fún ẹwà eré náà, ó sì sáré lọ wá àwọn iná.

Làtíìfù dúró. Ó wo fèrèsé. Ó wo Mìsítúrà.

"Ìyá Yusrah," ó wí. "Mama ńkọ́?"

"Lewisham. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn láàárọ̀ yìí."

Làtíìfù yípadà lọ gbé àkàbà.

Mìsítúrà bá a nídìí àkàbà, ó ní ṣé Làtíìfù náà gba èèwọ̀ yẹn gbọ́ ni.

"Èmi? Ìyá tèmi ti lọ tipẹ́," Làtíìfù wí, ó ti gun ìdajì. "Àmọ́ kì í ṣe èmi ni mo pa wọ́n."

Aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń ṣe eré ìparí ọdún. Aṣọ orí tábìlì. Àpò ìdọ̀tí dúdú tó fi gúlúù lẹ̀. Nígbà tó ku fèrèsé kékeré kan, ó lọ mú ẹní ìkírun tirẹ̀ wá. Òkùnkùn dé. Àfi ihò róbótó kan lókè àjà, tí ìtànṣán oòrùn gbà já sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí àwo funfun, kò jìnnà sí ibi tí Mìsítúrà yóò dúró sí. Làtíìfù wò ó, ó wo àkàbà rẹ̀.

"Ìyẹn ju agbára mi lọ," ó wí. "Ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Mìsítúrà pa fóònù rẹ̀. Ó bọ́ síwájú.

"Ààlọ́ o."

Ìdáhùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé. Lẹ́yìn rẹ̀, tùbá wọlé, àwọn ọmọ iwájú sì di ikùn wọn mú, nítorí inú ikùn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Bàsúùnù ráhùn. Fèrè wí tibí, ó wí tọ̀hún. Fayolíìnì kùn létí wọn, àwọn ọmọ sì ń gbá etí ara wọn láìsí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é. Mìsítúrà gbàgbé ara rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó gbàgbé.

Lẹ́yìn náà ló wolẹ̀. Àwo funfun yẹn ti sún mọ́ ọn.

Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣọ́ ọ. Oòrùn ń rìn bí Ìgbín fúnra rẹ̀, kò yára, kò dúró. Mìsítúrà ìbá yẹra. Ṣùgbọ́n àga onísẹ́lò, fayolíìnì ńlá tí à ń jókòó ta, wà lẹ́yìn rẹ̀, etí pèpéle sì wà níwájú.

Ó dé ibi tí Ìgbín ti dá gbogbo ohùn padà fún àwọn tó ni wọ́n. Ó wọ inú ìkarahun rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tó jẹ́ tirẹ̀: ìdákẹ́jẹ́. Ó fi yá gbogbo igbó. Gbogbo ẹranko pa ẹnu mọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kóyọ̀dé gbé ọwọ́ sókè. Ọkẹ́sírà dákẹ́. Tùbá dákẹ́. Àwọn ọmọ dákẹ́, àwọn tí kì í dákẹ́ nígbà oúnjẹ. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ìtànṣán oòrùn gun orí bàtà ọ̀tún Mìsítúrà, ó sì jókòó síbẹ̀. Ó gbóná.

Kò ṣípò padà. Bó bá ṣípò, pákó yóò dún, ohùn Ìgbín yóò sì bàjẹ́. Ó dúró. Ó ń pe Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀.

Ọwọ́ Kóyọ̀dé sọ̀kalẹ̀. Àwọn onífayolíìnì fi ìka ta okùn, tó, tó, tó. Òjò ni. Òjò ńlá tó ń bọ̀ láti òkèèrè, tí ẹnikẹ́ni nínú igbó kò gbọ́ nítorí ariwo ara wọn. Wọ́n gbọ́ ọ báyìí. Wọ́n sá lọ sókè, odò kò sì gbé ẹnì kan lọ.

Àtẹ́wọ́ kò tíì tán tó fi jáde.

Ó tan fóònù. Yusrah ti pè é, pè é, pè é. Kò pè é padà. Ìròyìn tó bá dáa, kò ní bàjẹ́. Èyí tí kò bá dáa, kò ní sọnù. Ó wọ bọ́ọ̀sì 436, ó jókòó sísàlẹ̀, ó fi báàgì rẹ̀ bo ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ní New Cross, ọkọ̀ kò sún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ó ka gbogbo súrà tó mọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ló ti rí Yusrah. Ó fara ti ògiri, ó ń jẹ kírísípù.

Mìsítúrà dúró lójú ọ̀nà. Ẹni tí ìyá-ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kì í jẹ kírísípù. Kì í lá ìka. Ó di irin ojú ọ̀nà mú, ó sì mí kanlẹ̀.

"Mum, kí ló dé tí ẹ ò gbé fóònù?" Yusrah ní. "Grandma ti jí tipẹ́. They're cussing the food."

Lóòótọ́, ó bá wọn tí wọ́n ń wo àwo ọ̀dùnkún tí wọ́n gún bí ẹni tó rí ọ̀tá. Ojú wọn ti wọlé díẹ̀. Ohùn wọn wà níbẹ̀. Mìsítúrà jókòó, ó di ọwọ́ wọn mú, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ọkẹ́sírà, aṣọ dúdú, ẹní Làtíìfù, ihò òkè àjà. Ìyá ń gbọ́. Ó dé ibi tí oòrùn ti gun òun lẹ́sẹ̀.

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ọ̀tún ni, Màámi."

Ìyá ro ó. Wọ́n ro ó bí adájọ́.

"Ẹsẹ̀ kì í pa àlọ́," wọ́n wí.

Mìsítúrà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá ní kó gbé ọ̀dùnkún yẹn kúrò níwájú àwọn, kó sì wí, àlọ́ wo ló pa. Ó ní ti Ìgbín ni. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n ní kó pa á fún àwọn báyìí, kí àwọn gbọ́ ohun tó fi kún un.

"Màámi, ilẹ̀ ò tíì ṣú."

Ìyá wo fèrèsé. Oòrùn wà lókè, kò ní ẹni tó ń dúró dè é nílé. Wọ́n fi àgbọ̀n júwe aṣọ búlúù tó yí bẹ́ẹ̀dì wọn ká.

"Fa kọ́tìnì."

Ó fà á. Ó fà á pé pérépéré, kò ṣẹ́ku ibì kan. Inú kọ́tìnì náà di búlúù, bí ìrọ̀lẹ́.

"Ààlọ́ o," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ààlọ̀."

Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ fun tùbá. Ó fi imú ṣe bàsúùnù. Obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì bèèrè láti ẹ̀yìn kọ́tìnì bóyá nǹkan ń ṣe ẹnì kan. Ìyá ní erin ni, kó má ṣe bẹ̀rù. Nígbà tó kan Ìgbín, Mìsítúrà dákẹ́. Ìyá rẹ̀ náà dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó gbọ́ èémí wọn. Ó ń wọlé. Ó ń jáde. Ó tún ń wọlé.