Bí Màmá Ṣe Kọ́ Wa Láti Sá fún Amúnilẹ́rú

"Ẹ má fà á. Bí ẹ bá ń fà á, ṣe ni yóò máa le sí i."

Ohùn ìyá ìyá mi nìyẹn, lẹ́yìn ilé wọn ní Ìlobù. Wọ́n ti fi okùn di ọwọ́ èmi àti àbúrò mi obìnrin. Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan nílé kejì ń ta sí wa nímú. Iléèwé wà ní títì nítorí ìjà ilẹ̀ àwa àti ará Ìfọ́n, Màmá sì ní àwọn ò ní jẹ́ ká jókòó lásán.

Wọ́n ní ká dẹ ọwọ́, ká ká àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́, ká máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kí tèmi tó yọ. Àbúrò mi sunkún títí tiẹ̀ náà fi yọ.

"Bí ìyá tó bí ìyá ìyá mi ṣe bọ́ nìyẹn," ni Màmá wí. "Oko ni wọ́n ti mú un. Nígbà tí oorun ọ̀sán gbé àwọn amúnilẹ́rú lọ, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó sá."

Wọ́n da ewé gbígbẹ sílẹ̀, wọ́n dijú, wọ́n ní ká rìn kọjá kí àwọn má gbọ́ ẹsẹ̀ wa. Mo pọn ìrọ̀rí, mo ń yọ́ lọ. Ewé kan ró.

"Wọ́n ti mú ẹ. Padà sẹ́yìn."

Àbúrò mi bèèrè pé, "Màmá, bí ọmọ bá sunkún ńkọ́?"

"Ó sunkún. Àwọn amúnilẹ́rú gbọ́, wọ́n sì ń lé wọn bọ̀. Ìyá ọmọ sá wọ abúlé kan. Obìnrin tó ń bó àgbàdo níbẹ̀ ò bi í ní nǹkan kan. Ó tì í sínú àká, ó gba ọmọ, ó fún un lọ́mú bíi tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ó ní òun ò rí ẹnikẹ́ni."

"Abúlé ibo ni?"

"Abúlé ará Ìfọ́n."

"Àwọn tí à ń bá jà yìí?"

"Àwọn náà ni. Ọmọ yẹn ló wá bí ìyá mi."

Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, Màmá mú wa lọ sí agbo ilé obìnrin náà ní Ìfọ́n. Wọ́n kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé kan tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Ìyẹn sáré dì wọ́n mú: "Ẹ dìde, Màmá, ẹ dákun!" Wọn ò tètè dìde.

Màmá ti lọ báyìí. Èmi náà ti di tíṣà ní Òṣogbo. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá tún gbóná, tí àwọn èèyàn mi ń ṣépè fún Ìfọ́n, ẹnu mi kì í gbà á láti ṣe àmín.