Ọ̀dà Lọ́wọ́ Olorì

Láti kékeré ni Ọmọ́lẹ́wà ti ń ya àwòrán. Ní Deïdo, àdúgbò kan nílùú Douala ní Cameroon, tí wọ́n ti bí i, èédú ló fi ń yà á sára ògiri ẹ̀yìnkùlé, ìyá rẹ̀ a sì máa kùn bó ṣe ń fọ̀ ọ́ kúrò. Àmọ́ lọ́jọ́ kan ìyá yìí gbé omi dé ìdí ògiri, kò lè fọ̀ ọ́ mọ́: ojú ara rẹ̀ ló rí níbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń kun àkọlé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń kó àwọn ọmọdé ìjọ jọ láti kọ́ wọn ní eré orí ìtàgé. Níbi irú eré bẹ́ẹ̀ ni Oyèkọ́lá, tó ń ta aṣọ ní àdúgbò Yassa, ti rí i, ló bá fẹ́ ẹ.

Ta ló mọ̀ pé oyè ń bọ̀ wá kan ilé wọn? Ọba àwọn Yorùbá ìlú Douala wàjà, Oyèkọ́lá sì ni gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ibẹ̀ fẹnu kò lé lórí. Lọ́sàn-án kan òru kan, Ọmọ́lẹ́wà tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún di olorì.

Màmá Dàda, tó jẹ́ aṣáájú àwọn obìnrin ẹgbẹ́, ló wá kọ́ ọ ní ìṣe ààfin.

"Olorì, ẹ wo èékánná yín! Ṣé ọwọ́ ọlọ́dà báyìí lẹ ó máa fi gbàlejò?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Ti tíátà yẹn náà, ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀."

Ọmọ́lẹ́wà kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rín rẹ̀ ò dé eyín mọ́. Nígbà tí Oyèkọ́lá rí i tó ń fi ìka ya ẹyẹ sínú ìyẹ̀fun tó dà sórí tábìlì, ó lọ kó gbogbo búrọ́ọ̀ṣì náà jáde.

"Wọ́n fi mí jọba lóòótọ́," ló wí, "wọn ò ní kí n tọ́jú ìyàwó mi sábẹ́ ibùsùn."

Bí Ọmọ́lẹ́wà ṣe tún bẹ̀rẹ̀ eré nìyẹn, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú àwọn ọmọdé ẹgbẹ́. Olorì fọwọ́ ara rẹ̀ ya odò Wouri sára aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé, tòun tọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ eré, ohùn há mọ́ Vanessa, ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe ìyá arúgbó oníjà, lọ́fun. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó náà sórí àfi Olorì tó kọ eré náà. Ọmọ́lẹ́wà bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó ró àkísà, ó da eérú sórí, ó sì tẹ̀ bí arúgbó bọ́ sórí ìtàgé.

Ó bá ọlọ́kọ̀ jà, ó bá ẹja jà, ó wá yíjú sí ọba tó jókòó níwájú.

"Ìwọ baba aládé yìí, o jókòó pẹ̀ṣẹ̀! O ò rí i pé orúnkún ń dùn mí?"

Oyèkọ́lá dìde fùú, ó fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Gbọ̀ngàn mì tìtì fún ẹ̀rín. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé Faransé nìkan ni wọ́n fi ń dá ìyá wọn lóhùn nílé ń pariwo, "Màmá, ẹ jókòó! Ẹ jókòó!" Nígbà tí ẹnì kan sọ ọ́ sí Màmá Dàda létí pé Olorì nìyẹn, ó fẹ́ lejú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun nìkan ló dá wá sí ààfin.

"Olorì, ìyá mi kú láìya fọ́tò kankan rí. Bí mo bá sọ bó ṣe rí, ṣé ẹ lè yà á?"

Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Iwájú orí rẹ̀ gbòòrò. Ó kọlà pélé."

"Ṣé báyìí ni, Màmá?"

"Ó tì o, ẹnu rẹ̀ ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pa á rẹ́."

Wọ́n yà á, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un yà. Òjò rọ̀, ó dá. Nígbà tó yá, Màmá Dàda ò ní kí wọ́n pa nǹkan kan rẹ́ mọ́. Ó rọra kúnlẹ̀ síwájú bébà náà.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màámi," ló wí.