Ìpẹtà Orí Tábìlì

Ìyàwó panẹ́lì-bítà wa máa ń bi Ọlọ́run ní ìbéèrè kan nígbà tó bá ń gbá yàrá ẹ̀yìn: ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lé ìpẹtà kúrò lára ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ọ́, kí ló dé tó tún ń fọwọ́ ara rẹ̀ pè é wọlé nígbà ogbó? Ọlọ́run ò tíì dá a lóhùn. Ọkọ rẹ̀ lu ara ọkọ̀ tó tẹ̀ títí èjìká fi ní ó tó gẹ́ẹ́, ló bá ti ṣọ́ọ̀bù pa. Kò pẹ́ sí i ló bẹ̀rẹ̀ sí í ra mọ́tò ìṣeré ọmọdé, tuntun tó ń dán gbinrin, á jókòó tì í, á sì bà á jẹ́.

Ẹ má rò pé bíbà á jẹ́ ò gba ọgbọ́n o. Á kọ́kọ́ fi ọ̀dà tó pọ́n bí irin tó ti dógùn-ún kun mọ́tò náà látòkè délẹ̀. Bó bá gbẹ, á fi omi pa á lára, á wọ́n iyọ̀ síbi tó bá wù ú, á wá fi ọ̀dà tó rẹwà bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ìyẹn náà bá gbẹ ni á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ha iyọ̀ kúrò, ibi tó bá ṣí á sì rí bí ibi tí òjò ti jẹ fún ọdún gbọọrọ. Ó mọ ibi tí ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ iná iwájú, abẹ́ gíláàsì níbi tí omi máa ń dá sí. Ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́ ni, kò sí ìwà ọwọ́ rẹ̀ tí kò mọ̀.

"Baba ọmọ, iyọ̀ mi dà?" ni ìyàwó máa ń ké láti ilé ìdáná.

"Ó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì!"

Bàbá ìyàwó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tàbí àwọn ló ń gbé lọ́dọ̀ bàbá. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá bi. Awakọ̀ takisí ni bàbá nígbà tó ṣì lágbára. Ẹ̀yìnkùlé ni ọkọ̀ náà kú sí, koríko ti ga dé fèrèsé rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá á wọnú rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé sítíárì, á máa wo iwájú bí ẹni tó ń dúró de èrò. Bẹ́ ẹ bá bi í léèrè, á ní, "Bátìrì nìkan ló kù." Ẹ́ńjìnnì ti lọ tipẹ́tipẹ́, adìẹ ló ń sàba níbẹ̀.

Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà tán. Létí ilẹ̀kùn, irin ti mú bí abẹ, ó sì ti ha bàbá lójúgun. Ẹ̀rù ń ba ọmọ rẹ̀. Ó bẹ bàbá títí kí wọ́n gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bàbá ní kí wọ́n yọ ọwọ́ lọ́kọ̀ òun.

Ló bá kojú sí ọkọ rẹ̀: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìpẹtà bí ẹní mowó, ẹ bá bàbá sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ yìí tó gé wọn lẹ́sẹ̀."

Ọkọ tẹrí mọ́ iyọ̀ tó ń ha. Ó nídìí. Ọjọ́ tó wá tọrọ ọmọ, tí òòlù rẹ̀ ṣì tuntun tí ẹnu rẹ̀ sì dùn, ó fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yìí, ó ní, "Bàbá, ẹ fún mi lọ́mọ yín, màá sọ ọ́ di tuntun fún yín." Bàbá fún un lọ́mọ. Ọkọ̀ wá di ọ̀la, di ọ̀túnla, di ìgbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀. Láti ìgbà náà, bọ́rọ̀ ọkọ̀ bá ti délẹ̀, ọkùnrin yìí á rántí pé òun gbé nǹkan kaná.

Ọgbọ́n tó wá ta ni pé kóun ṣe ọkọ̀ náà ní kékeré, kí bàbá lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí èyí tó tóbi sì máa lọ ní àlàáfíà. Ìfẹ́ àna wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí ìpẹtà yẹn ti ń wọ̀ ọ́ lójú, ẹni tó ń ta ohun ìṣeré ládùúgbò sì ti ṣèlérí fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó bá dára jù lọ lòun máa gbé sínú gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Bí bàbá bá ti sùn lọ́sàn-án, ọkùnrin náà á lọ dọ̀bálẹ̀ nínú koríko, á máa wo ihò kọ̀ọ̀kan.

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó wà láàyè!"

Nígbà tó parí, ẹnu ya òun fúnra rẹ̀. Irun búrọ́ọ̀ṣì ló fi ṣe koríko, ìda àbẹ́là ló fi mọ adìẹ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò tíì ṣe ìpẹtà tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé e síwájú bàbá. Bàbá gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀.

"Ta ló ni jákujàku yìí?"

"Ọkọ̀ yín ni, Bàbá."

"Irọ́! Ọkọ̀ tèmi ò rí báyìí. Wo ihò tó o dá sí mi nílẹ̀kùn! Ìwọ yìí, o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó, Bàbá."

Wọ́n gbé ọkọ̀ kékeré náà lọ sẹ́yìnkùlé. Bàbá ń fi ìka kan èyí, ó ń fi ìka kan tọ̀hún. Ihò tí àna rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ lu lára ti kékeré, orí ewúrẹ́ lè gba inú ti ńlá kọjá. Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Adìẹ wò ó, òun náà wo adìẹ. Ó rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

"Mo rò pé bátìrì ló kù ni," ló sọ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ẹ pe àwọn onírin."

Wọ́n wá, wọ́n gbé e lọ. Inú panẹ́lì-bítà dùn débi pé kò lè fi pamọ́. Ó wé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sínú aṣọ, ó kọrí sọ́nà ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré.

"Gbé e sílẹ̀," ni bàbá wí. "Ọjọ́ tó o wá tọrọ ọmọ mi, kí lo sọ?"

Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo àjà.

"Mo ní… màá sọ ọ́ di tuntun."

"Ọmọ ńkọ́? Mo fún ẹ àbí mi ò fún ẹ?"

"Ẹ fún mi, Bàbá."

"Ó dáa. Èyí tó tóbi ti bọ́. Èyí ò lè tóbi jù fún ẹ."

Bàbá fa àga súnmọ́ tábìlì. Ó dun ọkùnrin náà wọra, ṣùgbọ́n ó mú sáńpépà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ó ń ha ìpẹtà tó dára jù lọ nínú gbogbo èyí tó ṣe láyé rẹ̀. Ó dí ihò, ó kun ọ̀dà búlúù, bàbá sì ń sọ fún un pé kó tún ẹ̀gbẹ́ iná iwájú wò. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ń dán, bàbá gbé e sókè, ó yí i wò.

"Kí ló kù?"

Panẹ́lì-bítà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mú adìẹ jáde.

"Bátìrì nìkan ló kù, Bàbá."