Ohùn Tí Mo Gbọ́ Lórí Láìnì Kàdúnà

Ẹ lè má gbà mí gbọ́, mi ò ní bá yín jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò mutí rí láyé mi, oorun ò sì kùn mí lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán gangan ni, ní ọ́fíìsì wa nítòsí Post Office ní Ìlọrin, níbi tí ariwo ọkọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ara rẹ̀ ń sọ.

Ṣáájú kí GSM tó dé ni. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe nílé iṣẹ́ kan tó ń ra àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé. Láti Ìlọrin la ti máa ń fi iye ọjà tá a rà ránṣẹ́ sí olú ilé iṣẹ́ ní Kàdúnà, kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, lórí wáyà tẹlifóònù. Àpótí pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, módẹ́ẹ̀mù la ń pè é. Tiwa ló ń pe nọ́ńbà Kàdúnà. Bí tọ̀hún bá gbé e, àwọn méjèèjì á máa han bí ìgbà téèyàn ń fi irin ha páànù, àá sì mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ra.

Àwáwù ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, wẹ́rẹ́ báyìí. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀, a ṣe fídáù, mo padà síbi iṣẹ́. Mi ò sunkún. Báwọn èèyàn bá bá mi sọ̀rọ̀, mò ń dá wọn lóhùn, àmọ́ ńṣe ló dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀. Búrẹ́dì ni mò ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, torí mi ò lè fọwọ́ kan ìkòkò rẹ̀.

Rúkáyá, ọmọ kan ṣoṣo tá a bí, wà lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó mi ní Gàmbàrí. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ara rẹ̀ ti ń gbóná láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́.

Láti àárọ̀ ni láìnì ò ti lọ. Bí módẹ́ẹ̀mù bá pe Kàdúnà, á ní wọ́n ń lò ó lọ́wọ́. Mo yọ wáyà, mo nu ẹnu rẹ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀. Pàbó ló ń já sí. Alájì, ọ̀gá wa, yọjú, ó ní, "Kàdúnà ń retí wa o," ló bá lọ kírun Àìlá.

Ó wá ku èmi àti Múníra, akọ̀wé tó ń tẹ kọ̀ǹpútà náà. Mo ní kó tún pè é. A gbọ́ bó ṣe ń tẹ nọ́ńbà. Dípò kó wá máa han, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú agbóhùn kékeré tó wà lára módẹ́ẹ̀mù.

Mo rò pé láìnì méjì ló wọnú ara wọn. Ó wọ́pọ̀ nígbà yẹn. Èèyàn lè gbé fóònù kó máa gbọ́ ìjà tọkọtaya tó ń gbé ní àdúgbò Challenge. Mo gbé fóònù sétí kí n lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé tiwọn sílẹ̀.

Àwáwù ni.

Ẹ gbà mí gbọ́. Mo mọ bó ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀, bí ẹni tó ṣì ń rò ó wò. Ó ń dá ẹnì kan lóhùn, àmọ́ mi ò gbọ́ ẹni náà. Níbi tó yẹ kí onítọ̀hún ti sọ̀rọ̀, kẹ́kẹ́ máa ń pa ni.

"Rárá, kò jẹun," ó ní. "Búrẹ́dì nìkan."

Kẹ́kẹ́ pa.

"Mo mọ̀. Kò tíì sunkún."

Múníra sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ta nìyẹn?"

"Dákẹ́ ná."

Ó yẹ kẹ́rù bà mí. Kò bà mí. Ohun tí mò ń rò ni pé láìnì yìí mọ́ ju ti Kàdúnà lọ.

"Rúkáyá ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀." Kẹ́kẹ́ tó pa tẹ̀ lé ìyẹn pẹ́. "Mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó..."

Mo fa wáyà yọ lára ògiri.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ọwọ́ yìí kan náà ló tún ki wáyà padà, tó tún pe Kàdúnà. Wọ́n gbọ́ra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iṣẹ́ tó kọ̀ láti àárọ̀ lọ tán kí Alájì tó ti mọ́sálásí dé.

Múníra ti kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Ó fara ti ògiri, ó di ìborùn rẹ̀ mú lábẹ́ àgbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ wo ọmọ yín."

"Ìwọ náà gbọ́ obìnrin yẹn?"

"Àwọn méjì ni mo gbọ́."

"Kí lẹnì kejì ń sọ?"

"Ẹ máa lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo gun ọ̀kadà dé Gàmbàrí. Ìyá ìyàwó mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, Rúkáyá wà lórí itan rẹ̀, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ìyá ní ọmọ náà ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí wọ́n ṣe ń kírun Àìlá tán, ibà náà sì lọ. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́, mi ò mọ adùn rẹ̀.

Múníra ò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò sì wá mọ́. Wọ́n ní ó ti lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Jẹ́bà. Mo wá a lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi fún mi, àmọ́ nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí ẹnì kejì sọ, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ṣáà wà láàyè. Ẹ máa dúpẹ́."

Rúkáyá ti di ìyá ọmọ báyìí. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yìí létí rẹ̀ rí. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí Àwáwù ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ṣé kí ọmọ dúró lọ́dọ̀ mi ni, àbí kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun? Mi ò mọ̀ bóyá wáyà tí mo fà yọ ló gba ọmọ mi là, àbí ìyá rẹ̀ ló ń gbà á là lọ́wọ́ nígbà tí mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Bí ẹ bá gbé fóònù lọ́jọ́ kan, tẹ́ ẹ gbọ́ ẹni tẹ́ ẹ ti fọwọ́ ara yín sin, tí kì í sì í ṣe ẹ̀yin ló ń bá sọ̀rọ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ gbé e sílẹ̀ kó tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.