Abẹ Olójú Kan Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Nígbà tí a jókòó láti pín ẹrù bàbá mi ní Òkè-Ìlá, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ nínú gbogbo rẹ̀. N kò fẹ́ ilẹ̀, n kò fẹ́ agbádá, n kò sì fẹ́ àga tí wọ́n fi ń gba àlejò. Abẹ tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n ni mo fẹ́. Ọkàn mi balẹ̀ pé èmi ni màá gbé e lọ, torí kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà tó mọ ohun tó jẹ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí. Èyí tí gbogbo èèyàn ń lò báyìí, ike ni, ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni ti onírin tó ń gba abẹ fẹ́lẹ́, olójú méjì. Ti bàbá mi kò sí nínú méjèèjì. Ó dà bí ọkọ́ kékeré, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń fá. Bíléèdì tirẹ̀ nípọn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ká a lẹ́yìn kó má baà tẹ̀. Ẹ ò lè ṣẹ́ abẹ fẹ́lẹ́ sí méjì kí ẹ ki ìdajì rẹ̀ bọ inú rẹ̀. Mo dán an wò rí nígbà tí n kò tíì gbọ́n, ó yẹ̀, ó sì gé mi lágbọ̀n.

Ìdérí kan wà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa fà á níwájú, níbi tí ojú bíléèdì wà, kò sì ní ṣí. Bàbá mi ló fi hàn mí, pẹ̀lú ohùn Èkìtì wọn tí ilé ìwé kò rí nǹkan kan ṣe sí.

"Uṣẹ́ ni," wọ́n ní. "Mọ́ kánjú. Wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Wọ́n fi àtàńpàkò ti ìdérí náà sókè láti ẹ̀yìn, ó sì là bí ìdérí àpótí. Wọ́n tún kìlọ̀ pé bí mo bá fá irùngbọ̀n tán, kí n yọ bíléèdì, kí n nù ún gbẹ, kí n dá a padà sínú agolo mílíìkì. Abẹ tí bíléèdì bá sùn sínú rẹ̀ ń dípẹtà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.

Fáda òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fún wọn lábẹ náà, nígbà tí bàbá mi jẹ́ katikíìsì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ. Òun ni wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n kí wọ́n tó lọ sí Máàsì. Bíléèdì rẹ̀ ti wọ́n ní Ọjà Ọba tipẹ́, nítorí náà wọ́n á máa fa èyí tó wà lọ́wọ́ lọ sókè sódò lára ìgbànú awọ tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀kùn, títí yóò fi tún mú.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọwọ́ ọ̀tún wọn, èmi ni ọwọ́ náà. Mo ń ṣe fèrèsé onígíláàsì ní àdúgbò Adébáyọ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń ti ibẹ̀ wá láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú láti wá fá irùngbọ̀n wọn. Nígbà kan mo mú bíléèdì tí a fi ń ha ọ̀dà kúrò lára gíláàsì wá, torí òun náà jẹ́ olójú kan, irin sì ká a lẹ́yìn. Ó wọnú abẹ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fà á lẹ́ẹ̀kan péré, bàbá mi di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé o rò pé fèrèsé ni mí ni?"

A rẹ́rìn-ín débi pé ọṣẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ wọ́n lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Kánádà ní gbogbo àkókò yìí. Òun ni àkọ́bí. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ" ni mo ń pè é, mo sì ń dọ̀bálẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n nínú ìwé tèmi yìí, n kò ní pè é ní "wọ́n". Kò ṣe ohun tó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń sọ lórí fóònù ni pé, "Ra kílípà fún bàbá, kí o yéé da ara rẹ láàmú." Kò fi kílípà ránṣẹ́ rí.

Bàbá mi kú. Èmi náà ni mo lọ fá irùngbọ̀n wọn ní mọ́ṣúárì kí wọ́n tó tẹ́ wọn sílé. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ abẹ náà, mo fọ gbogbo ọṣẹ tó ti gbẹ mọ́ ọn kúrò, ó wá ń dán yanran. Mo fá a fún wọn, mo rọra. Nígbà tí mo parí, ọkàn mi kò gbà kí n ṣí ìdérí yẹn mọ́. Mo nu abẹ náà lásán, mo sì gbé e padà sórí tábìlì wọn pẹ̀lú bíléèdì nínú.

Bí mo bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tí ì bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àbúrò bàbá mi ló darí ìpín náà. Ó ní àgbà ni yóò kọ́kọ́ mú. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti wálé fún ìsìnkú, mú aago, ó mú fìlà kan, ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ohun tó ń dán.

"Kí lèyí? Ó mà dára o! Màá gbé e sí pálọ̀ mi, kí àwọn ọ̀rẹ́ mi rí i."

Mo la ẹnu. Àbúrò bàbá mi yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé o ní nǹkan tí o fẹ́ sọ ni?"

Lọ́dọ̀ wa, àbúrò kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n lójú ẹbí. Mo ní kò sí. Mo rí i bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń yí abẹ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó ń fi ìka kan iwájú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bíléèdì wà nínú rẹ̀, n kò sì sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Inú ló bí mi, mo sì fẹ́ kó gé e.

Kò gé e. Ó fi aṣọ wé e, ó sọ ọ́ sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó pè mí láti Kánádà. Ó béèrè àlàáfíà gbogbo ilé, lẹ́yìn náà ló wá ní, "Wọ́n gba abẹ bàbá yẹn lọ́wọ́ mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Bíléèdì wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò yẹn tiẹ̀ ṣèèyàn, ó ní kí n yọ bíléèdì sílẹ̀, kí n máa gbé irin lọ. Mo fà á títí, kò ṣí. Èrò ti tò sẹ́yìn mi, wọ́n ti ń kùn. Mo ní kó jù ú síbi ìdọ̀tí."

Bíléèdì mẹ́ta ṣì wà nínú agolo mílíìkì bàbá mi tí mo ti gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n wà níwájú mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Báwo tiẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣí nǹkan yẹn?" ó ní.

"Láti ẹ̀yìn ni," mo ní. "Ẹ ó kàn fi àtàńpàkò tì í sókè."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, ẹ̀gbọ́n mi."