Ike Funfun Tí Ọ̀gá Ní Kí A Fi Pa Ẹ̀rọ

Òórùn ike tó ń yọ́ jọ ti àbẹ́là tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa. Ibikíbi tí mo bá ti gbọ́ ọ, ọ̀nà Jeddo ní Warri ni ọkàn mi ń lọ, sí ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí n kò tíì mọ ìwé kà dáadáa. Ọ̀gá wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, ti ta garawa ní Enerhen fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rò ó pé ó sàn kí òun máa ta ohun tí wọ́n fi ń ṣe garawa. Ó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ tí ń lọ kẹ́ẹ̀gì tó ti fọ́. Lẹ́yìn náà ló ra ẹ̀rọ ńlá, àlòkù, tí ń yọ́ ike pọ̀ mọ́ aró àti ẹfun. Ike tó yọ́ á gba ojú irin oníhò wẹ́wẹ́ jáde bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, á bọ́ sínú omi, a ó sì gé e sí hóró bí ìrẹsì fún àwọn tó ń ṣe àga àti garawa. Ajere ni ọ̀gá ń pe irin oníhò yẹn. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Àwa mẹ́ta la wà nídìí ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ń po aró wá láti abúlé etí odò. Ẹni tó ń gé ike jẹ́ ọmọ ìlú. Èmi ni mo ń bu ike sí ẹ̀rọ lẹ́nu. Nígbà tí rògbòdìyàn Warri bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn àwọn méjèèjì ló ń bá ara wọn jà. Ìkòkò omi mímu wa gbẹ, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ mu ohun tí ẹnìkejì pọn. Wọn kò sì fọkàn tán èmi náà, nítorí mo ń bá ọ̀gá sọ Yorùbá. Ngbati ni wọ́n ń pè mí. Wọn kò mọ̀ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, àti pé bí ọ̀gá bá ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ Ìjẹ̀bú, ìdajì rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ọ̀gá pàápàá máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ tó bá rí mi láàárín wọn. Mo rò nígbà náà pé bí mo bá ti dákẹ́, gbogbo wọn á fẹ́ràn mi. Ìdákẹ́ mi ló jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ mi. Ìfura loògùn àgbà. Ní Warri ìgbà yẹn, ọmọdé pàápàá ń mu ún.

Bí a bá fẹ́ ṣíwọ́ iṣẹ́ lójoojúmọ́, àwọ̀ tó bá wà nínú ẹ̀rọ là ń fi sílẹ̀ níbẹ̀. Àfi tí a bá fẹ́ ti ilé iṣẹ́ pa fún ìgbà pípẹ́, bíi ti Kérésì, la máa ń bu ike funfun sí i títí funfun á fi jáde, kí aró má baà jóná mọ́ ọn nínú. Kérésì ṣì jìnnà ní ọ̀sán Jímọ̀ tí ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní, "Ẹ fi funfun pa á." Ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Apoaró wojú mi. "Ngbati, your broda dey run?"

Mo ní n kò mọ̀.

Agéke rẹ́rìn-ín. "E no know. Dem born am inside oga pocket, e no know."

N kò mọ̀ lóòótọ́. Ìyàwó mi wà nínú oyún, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà ní Airport Road. Bí ẹ̀rọ yẹn bá kúrò ní Warri, n kò rí ẹni tí yóò gba èmi tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan sí iṣẹ́.

Àwọn méjì tí kì í mu omi ara wọn wá sún mọ́ ara wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí a ti fi funfun pa ẹ̀rọ tán, wọ́n tú ajere kúrò lójú rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ̀rọ tí kò ní ajere, irin lásán ni. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gbà kí ẹnìkejì gbé e lọ sílé. Níkẹyìn, apoaró gbé ajere, agéke sì kó gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀, irú èyí tí kò sí lọ́jà. Kò sí èyí tó lè fi tirẹ̀ ṣe nǹkan kan láìsí ẹnìkejì. Wọn kò fún mi ní nǹkan kan. Apoaró kàn sọ fún mi pé, "You, carry your mouth go house. Make e no fall for road."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lọ́rì òfìfo kan dúró lẹ́nu géètì. Èmi nìkan ni mo wá síṣẹ́. Ọ̀gá wọlé, ó rí ẹ̀rọ láìní ojú. Ó wá wò mí bí ẹni tó bá ológbò nídìí ẹja.

"Ìwọ náà?"

Ó ní àpò ọjà ni lọ́rì wá kó. Lọ́rì padà lófìfo, àwọn àpò náà sì wà ní yàrá ọjà níbi tí wọ́n wà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ìbọn fi dún dé àdúgbò wa. Ìyàwó mi gbá yàrá wa kí a tó sá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bínú sí i pé ó ń fi àkókò ṣòfò nígbà tí ìbọn ń dún.

Nígbà tí ọjà tún ṣí, mo padà. Àwọn olè ti kó páànù àti àpò ọjà lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wúwo jù fún wọn. Apoaró fi ọkọ̀ ojú omi dé pẹ̀lú ajere tó fi ìró wé. Agéke gbé nọ́ọ̀tì wá nínú agolo mílíìkì. Wọ́n kí ara wọn láìrẹ́rìn-ín. Apoaró ka nọ́ọ̀tì. Agéke yí ajere wò síwá sẹ́yìn, bí ẹni pé wọ́n lè ti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá dúró lókèèrè, ó káwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ̀rọ gbóná, ohun tó kọ́kọ́ jáde funfun nini, kò ní ẹ̀érí kankan.

Ọ̀gá ní, "Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ń sá lọ kì í tọ́jú inú ẹ̀rọ."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Agéke kò gbójú sókè. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Person wey wan sell goat dey baf am."

Ilé iṣẹ́ náà tún ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ọ̀gá fi darúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ tà á. Kò tún dárúkọ lọ́rì yẹn mọ́, àwa náà kò bi í. Títí ìyàwó mi fi kú, ó gba ọ̀gá gbọ́. Ó ní òun mọ̀ pé a ó padà sí Warri lòun ṣe gbálẹ̀. Èmi máa ń dá a lóhùn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbálẹ̀ tí wọn kò padà. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, mo gbá yàrá wa mọ́ tónítóní, mo ṣẹ́ aṣọ rẹ̀, mo sì jókòó sí etí ibùsùn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. N kò lè sọ bóyá ẹni tó ń dúró ni mí, tàbí ẹni tó ń lọ.